Ọdún Tí Wọ́n Fi Mí Sí Ìdí Ìrókò

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé ọpọlọ mi jí ju ti àwọn ẹgbẹ́ mi lọ. Ẹni tó sọ ọ́ kàwé jù mí lọ, nítorí náà mo gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀, n kò sì bi í bó ṣe mọ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé ni. Ọdún méjì ni mo lò lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin, ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń bá ìjọba ṣiṣẹ́ ọ̀nà. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ kò pọ̀. Mo kọ́ bí a ṣe ń tan iná mànàmáná, mo sì kọ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó kan tí wọ́n máa ń kọ sára pátákó níbi tí wọ́n bá ti ń tún títì ṣe. Ọkọ àbúrò bàbá mi ní "sìló" ni wọ́n ń pè é, pé ó túmọ̀ sí kí ènìyàn rọra, kí ó má sáré. Yàtọ̀ sí èyí, mo ti ń sọ Yorùbá bí ará Ìbàdàn. Nígbà tí mo padà sí abúlé wa, tí kò jìnnà sí Ìkọ̀yà, àwọn ọmọdé á ní kí n tún ọ̀rọ̀ sọ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní bí mo bá ń béèrè oúnjẹ, ṣe ló ń dà bíi pé rédíò ló ń ka ìròyìn.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni ọmọbìnrin tí ilé wọn kọjú sí tiwa. Ìyá rẹ̀ ń ṣe epo. Wọ́n ní ẹkù létí odò, níbi tí wọ́n ti ń se ẹyìn, tí wọ́n sì ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí epo lè jáde. Ọ̀rẹ́ mi ti ń bá wọn ṣe é láti kékeré, ojú rẹ̀ sì ti mọ iṣẹ́ náà débi pé, bí àwọn ọkùnrin bá da ìdì ẹyìn kalẹ̀, á yí i po lẹ́ẹ̀kan, á sì ní, "Garawa mẹ́ta, yóò ku díẹ̀ kí ìkẹrin kún." Bó bá wí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní ọgbọ́n. Wọ́n ní ọmọ ẹkù ni.

Nígbà tí a wọ púráímárì kẹrin ni tíṣà tuntun dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin láti apá Ọ̀yọ́ ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́. Kò mú pàṣán dání. Àpótí ńlá kan tó kún fún páálí ló gbé wá. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó bá wa sọ̀rọ̀ bíi pé àgbà ni wá. Ó ní ìwà ìkà ni kí ènìyàn máa kọ́ ọmọ mẹ́rìndínlógójì bíi pé ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n. Ó ní olúkúlùkù ló ní bí ìrìn tirẹ̀ ṣe rí, pé òun yóò wádìí ìrìn ẹnì kọ̀ọ̀kan, òun yóò sì bá a rìn ín. Ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, wúkọ́. Ó ti ń kọ́ ọmọ kí wọ́n tó bí tíṣà yìí, ìrìn kan ṣoṣo ló sì mọ̀, èyíinì ni ìrìn tí ọmọ máa ń rìn bí pàṣán bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ ọmọ tirẹ̀ náà wà ní kíláàsì wa, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, nítorí náà ó fi tíṣà sílẹ̀ kó dán an wò.

Bí tíṣà ṣe wádìí ìrìn wa nìyí. Ó gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ìwé àwòrán kan lọ́wọ́. Yóò fi ìka sí nǹkan, yóò ní, "Kí nìyí?" Lẹ́yìn náà, yóò béèrè ìṣirò ẹnu kan tàbí méjì, yóò sì kọ nǹkan sínú ìwé pélébé kan.

Ọ̀rẹ́ mi ló ṣáájú mi, mo sì ń gbọ́ wọn láti ẹnu ọ̀nà. Tíṣà fi igbá hàn án. Ó ní, "Ugbá." Bí a ṣe ń pè é nílẹ̀ Ìkálẹ̀ nìyẹn. Tíṣà fi ọwọ́ hàn án. Ó ní, "Ọghọ́." Mo rí i tí tíṣà kọ nǹkan sílẹ̀ tìkàánú-tìkàánú. Lẹ́yìn náà ló wá bi í pé, "Bí ènìyàn mẹ́rin bá fẹ́ pín ìdì ẹyìn mẹ́rìnlélógún, mélòó ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan?"

Ọ̀rẹ́ mi ronú díẹ̀. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, "Tíṣà, ṣé bákan náà ni wọ́n ṣe tóbi?"

"Èmi ló ń béèrè ìbéèrè," ni tíṣà wí.

"Bí wọn ò bá tóbi bákan náà, ìjà ni yóò dá sílẹ̀, sà."

Tíṣà tún kọ nǹkan sílẹ̀.

Nígbà tó kàn mí, mo ní "igbá", mo ní "ọwọ́", mo pè é kedere bí ará Ìbàdàn. Ojú tíṣà tàn bíi pé ó rí ará ilé rẹ̀ lọ́jà. Ní ti ìdì ẹyìn, mo ní ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gba mẹ́fà, n kò sì bìkítà ẹni tó gba kékeré. Ó ní, "Ọmọ dáadáa!" Ó bi mí bóyá mo mọ ọ̀rọ̀ òyìnbó kankan, mo sì ka gbogbo èyí tí mo mọ̀ fún un, títí kan ti ojú títì.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó pín wa sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ kankan mọ ẹni tó wà níwájú àti ẹni tó wà lẹ́yìn, kí ìtìjú má baà pa wọ́n. Nítorí náà, kò pè wá ní ẹgbẹ́ kìíní, ìkejì àti ìkẹta. Orúkọ igi ló fún wa. Àwọn mẹ́sàn-án tí ó rí pé orí wọn pé jù, ó pè wọ́n ní Ìrókò, nítorí pé ìrókò ga, ó sì le. Àwọn mẹ́rìnlá tó wà láàárín ni Àgbọn. Ó wò yíká fún igi tí kò ga lójú tirẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń rí lójoojúmọ́ tí wọn kì í sì í kíyè sí. Ó pe àwọn mẹ́tàlá tó kù ní Ọ̀pẹ.

Ká sọ òtítọ́, ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé igi kan ṣoṣo ló ń bọ́ ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Òun la fi ń jẹun, òun la fi ń ránṣọ, òun la fi ń kọ́lé. Bó ṣe dárúkọ Ọ̀pẹ, àwọn mẹ́tàlá náà hó yèè, wọ́n ń fò sókè. Ní ti àwa Ìrókò, a jókòó jẹ́jẹ́. Tíṣà rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí ìyá ọ̀rẹ́ mi fi wá sí ilé ìwé. Aládùúrà ni wọ́n, aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀ wá láìwọ bàtà, wọ́n sì gbé ìgò epo kan dání. Wọ́n kúnlẹ̀ fún tíṣà, ọmọkùnrin tó tó àkọ́bí wọn.

"Tíṣà, Ọlọ́run yóò fún yín ní ọmọ tiyín. Wọ́n ní ẹ fi ọmọ mi ṣe Ọ̀pẹ."

Tíṣà ń fà sẹ́yìn. Ó ní, "Màmá, ẹ dìde. Kò tó ọpẹ́."

"Ó tó o. Láti ìgbà tó ti wọ ilé ìwé, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan lára rẹ̀ rí. Nínú ìjọ wa, igi ọ̀pẹ la fi ń júwe olódodo. Ẹ̀yin ẹ kàn wò ó, ẹ sì rí i."

Tíṣà gba epo náà. Mo rí ojú rẹ̀. Mo rò nígbà náà pé òórùn epo ni kò fẹ́.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Tíṣà ti kọ iṣẹ́ sára páálí, ó sì to páálí náà sínú àpótí láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó le. Àwa Ìrókò yóò mú páálí kan, a ó ṣe é, a ó sì mú òmíràn, kí olúkúlùkù lè sáré bó bá ṣe lè sáré. Ó ní, "Ẹ̀yin ò nílò mi." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ wa fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ni mo dé orí páálí keje, níbi tí wọ́n ti pín nǹkan tí nǹkan sì ṣẹ́kù, n kò sì mọ ibi tí wọ́n ń kó àṣẹ́kù sí. Ìrókò kì í béèrè. Ọmọ ọ̀gá àgbà ló jókòó tì mí, òun náà wà lórí páálí keje. Èmi ń wo tirẹ̀, òun ń wo tèmi, bẹ́ẹ̀ la ṣe tẹ̀ síwájú dé páálí kọkànlá láìmọ ọ̀kan.

Ní gbogbo àkókò yìí, tíṣà wà níta lórí ẹní pẹ̀lú àwọn Ọ̀pẹ. Nítorí pé ó gbà pé wọn kò mọ nǹkan kan, gbogbo ohun tó mọ̀ ló ń fún wọn. Ó ń fi èkùrọ́ kọ́ wọn ní ìṣirò. Ó ń fi okùn wọn ilẹ̀ pẹ̀lú wọn. Bí wọn ò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, yóò wá ọ̀rọ̀ mìíràn, wọ́n sì ń kọ́ òun náà ní èdè wa, ó ń pè é wọ́gọwọ̀gọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. A ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ojú fèrèsé. Àwa tí a mọ̀wé wà nínú ilé, a ń wo páálí.

Nítorí pé èmi ni olórí Ìrókò, èmi ni mo máa ń ru ìwé tíṣà dé ilé rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìwé pélébé kan jábọ́ lára ẹrù orí mi, mo sì lóṣòó láti mú un. Orúkọ gbogbo wa ló wà níbẹ̀ ní ìsọ̀rí mẹ́ta. Òyìnbó ló kọ sókè ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. N kò mọ ti àkọ́kọ́, n kò sì mọ ti ìkejì. Àmọ́ lókè orúkọ àwọn Ọ̀pẹ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ ojú títì: sìló.

Mo dúró lójú ọ̀nà títí ọrùn fi ń ro mí. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ìlara ti ń jẹ mí nítorí ẹ̀rín orí ẹní yẹn, àṣé àwọn tó ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́ ni wọ́n! Mo pinnu pé n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi mú ìpinnu náà ṣẹ.

Létí kànga ni ìjà ti dé. Ọ̀rẹ́ mi ń ràn mí lọ́wọ́ láti gbé omi rù, ó sì béèrè páálí tí mo wà. Mo ní ìkejìlá. Ó ní kí n pín mẹ́tàdínlógún sí ọ̀nà márùn-ún. Mo ní a kì í pín in. Ó ṣẹ́ ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ mẹ́tàdínlógún, ó tò wọ́n sílẹ̀, ó fi hàn mí pé mẹ́ta ni yóò kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì yóò sì kù. Ó ṣe é jẹ́jẹ́, láìfi mí ṣẹ̀sín. Ìyẹn gan-an ló bí mi nínú.

Mo ní, "Ta ló ní kó o kọ́ mi? O mọ ohun tí Ọ̀pẹ jẹ́? Àwọn tí orí wọn kò yá ni! Tíṣà kọ ọ́ sínú ìwé, mo fojú mi rí i!"

Ó gbé korobá tirẹ̀ rù, ó sì lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, lójú gbogbo kíláàsì, ó nàró, ó sì bi tíṣà pé, "Sà, ṣé òtítọ́ ni pé àwa Ọ̀pẹ ni orí wa ò yá?"

Tíṣà wo ọ̀rẹ́ mi, ó wo mí, ó tún wo ọ̀rẹ́ mi. Mo ń retí kí ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" ló béèrè.

Wọ́n nawọ́ sí mi.

"Irọ́ ni," ni tíṣà wí. "Gbogbo igi ló dọ́gba nínú kíláàsì yìí. Ìwọ, lọ kúnlẹ̀ níwájú, kí o gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Èmi kì í na ọmọ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ irọ́."

Èmi ni ọmọ àkọ́kọ́ tó jẹ ìyà lọ́wọ́ tíṣà tí kì í fìyà jẹni, òtítọ́ ni mo sì sọ. Mo kúnlẹ̀ títí aago fi lù. Mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ti ń lọ tó ń bọ̀, mo rí i pé kò dúró lójú kan. Nígbà tí mo dìde, kò lè wò mí lójú.

Bàbá mi rí eruku ní eékún mi nígbà tí a ń jẹun. Bàbá ìjọ ni wọ́n nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ni ilé ìwé wa, wọn kì í sì í gba pé tíṣà lè ṣẹ̀. Wọ́n ní, "Kí lo ṣe?"

Mo ní mo sọ pé ẹgbẹ́ tèmi dára ju ti Ọ̀pẹ lọ ni.

"Kí ni orúkọ ẹgbẹ́ tìrẹ?"

N kò tíì sọ fún wọn rí. Ohun tí mo sọ nílé ni pé mo wà nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́. Mo ní, "Ìrókò ni."

Òkèlè ṣubú lọ́wọ́ bàbá mi sínú ọbẹ̀. Ìyá mi pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì di ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Kristẹni ni wá, a ò bọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n kò sí Kristẹni kankan ní abúlé wa tó jẹ́ gba ìdí ìrókò kọjá ní ọ̀sán gangan.

Kí ilé ìwé tó wọlé lọ́jọ́ kejì, a ti dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, bàbá mi wọ agbádá ọjọ́ Ìsinmi.

"Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ."

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ẹ fìyà jẹ ọmọ mi lánàá. Ẹ ṣeun, ó tọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló gbé mi wá. Wọ́n ní ẹ fi í sí ìdí ìrókò."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Orúkọ lásán ni, bàbá. Igi tó lágbára ni. Ọlọ́run ló dá a."

"Ọlọ́run náà ló dá paramọ́lẹ̀. Ṣé ẹ ó fi sọ ọmọ lórúkọ? Nígbà tí Jésù gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọ Jerúsálẹ́mù, ṣé ewé ìrókò ni wọ́n mú dání?"

"Rárá, sà. Ṣùgbọ́n, bàbá, ẹgbẹ́ tó wà yìí ló dára fún un."

"Ó dára ju Ọ̀pẹ lọ?"

Tíṣà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo wa ló ń tẹ́tí. Ọ̀rẹ́ mi wà ní ìlà iwájú, ojú rẹ̀ kò kúrò lára tíṣà.

"Kò sí èyí tó dára ju òmíràn lọ," ni tíṣà wí níkẹyìn. "Gbogbo wọn dọ́gba."

"Bí wọ́n bá dọ́gba, ọ̀rọ̀ ti tán," ni bàbá mi wí. "Ẹ gbé e sí Ọ̀pẹ."

Bí mo ṣe di Ọ̀pẹ nìyẹn, bàbá mi sì bọ tíṣà lọ́wọ́, wọ́n lọ sóko. Ọ̀rọ̀ náà kò dúró síbẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n sọ ọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, àwọn Aládùúrà sì sọ ọ́ níbi tiwọn, òun sì ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí àwọn ìjọ méjèèjì fẹnu kò lé lórí lọ́dún náà. Òbí ń wá lójoojúmọ́. Àwọn òbí Ìrókò ń bẹ̀rù. Àwọn òbí Àgbọn ní igi àwọn ará etí òkun nìyẹn, pé kò burú, ṣùgbọ́n kí ló dé tí ọmọ tiwọn kò fi lè jẹ́ Ọ̀pẹ? Gbogbo wọn ni tíṣà fún ní èsì kan náà, pé igi dọ́gba, gbogbo wọn ló sì fi èsì náà gba ohun tí wọ́n fẹ́. Nígbà tí oṣù fi máa parí, àwa Ọ̀pẹ ti di méjìlélógún, Àgbọn ku mẹ́wàá, Ìrókò ku mẹ́rin. Ọmọ ọ̀gá àgbà wà nínú àwọn mẹ́rin náà. Ọ̀gá àgbà ti ka ìwé pélébé náà, ó mọ ohun tó wà níbẹ̀, kò sì sí ohun tó lè mú un gbé ọmọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn ọlọ́gbọ́n.

Mo jókòó lórí ẹní pẹ̀lú ìtìjú ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ mi sún, ó fún mi láyè. Kò sọ nǹkan kan nípa kànga. Ó kó èkùrọ́ mẹ́tàdínlógún síwájú mi, ó ní, "Pín in." Mo pín in, ó sì jẹ́ bó ti wí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ẹní yẹn, mo mọ ohun tí n kò mọ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo fi jẹ́ ọlọ́gbọ́n. Tíṣà náà yí padà. Àwọn méjìlélógún pọ̀ jù fún un, nítorí náà ó ń ní kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí wọ́n ń wá jù ni ọ̀rẹ́ mi. Tíṣà máa ń dúró lẹ́yìn wa, á máa gbọ́ bó ti ń ṣàlàyé nǹkan lédè Ìkálẹ̀. Mo rí i lọ́jọ́ kan tó mú ìwé pélébé náà jáde, tó yọ bírò, tó wò ó fún ìgbà díẹ̀, tó tún dá a padà sápò láìkọ nǹkan kan.

Ní òpin ọdún ni Ìńsípẹ́kítọ̀ dé. Gbogbo ilé ìwé ló ti gbọ̀n. A gbálẹ̀, a kun òkúta ẹ̀bá ọ̀nà ní funfun, ọ̀gá àgbà wọ táì. Bàbá alágbára kan ni Ìńsípẹ́kítọ̀ náà, ohùn rẹ̀ wúwo, ó sì ti gbọ́ pé tíṣà kan wà níbẹ̀ tó ń lo ìlànà tuntun. Ó wọ kíláàsì wa, ọ̀gá àgbà tẹ̀ lé e. Ó wo ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ wa lórí ẹní, ó wo àwọn Àgbọn mẹ́wàá láàárín. Ó wo àwọn mẹ́rin tó dá jókòó níbi fèrèsé pẹ̀lú páálí.

Ó kọjú sí wa. Ó ní, "Dúróòmù kan gba gálọ́ọ̀nù mẹ́rìnlélógójì. Garawa kan gba gálọ́ọ̀nù mẹ́rin. Garawa omi mélòó ni yóò kún un?"

Kí ó tó pa ẹnu dé, ọ̀rẹ́ mi ti nàró. "Mọ́kànlá, sà. Ṣùgbọ́n kí ẹ pọn méjìlá, nítorí omi á dànù lójú ọ̀nà."

Ìńsípẹ́kítọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. Ó bi ẹlòmíràn, ó bi èmi náà. Ìpín ló bi mí, èyí tó ní àṣẹ́kù, mo sì dáhùn rẹ̀ dáadáa. Ó yíjú sí àwọn mẹ́rin, ó bi ọmọ ọ̀gá àgbà ní irú ìbéèrè kan náà. Ọmọ náà bojú wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí mo máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀.

"Mo ti rí i," ni Ìńsípẹ́kítọ̀ wí fún tíṣà. "O ti gbé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn dé òkè. Àwọn tó yá jù ni méjìlélógún yìí, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Òógùn bo imú tíṣà. Ọ̀gá àgbà ń wò ó. Gbogbo wa ń wò ó.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ló wí.

"Ó kù mẹ́rin péré tó ń fà sẹ́yìn. Iṣẹ́ ńlá ni. Kí lò ń ṣe fún àwọn mẹ́rin yìí?"

Tíṣà kò gbé ojú sókè. "À ń gbìyànjú lórí wọn, sà."

Ọ̀gá àgbà tún táì rẹ̀ ṣe. Kí ni yóò sọ? Pé ọmọ òun ni ó mọ̀wé jù? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ọmọ náà ní ìbéèrè lójú gbogbo wa ni, kò sì mọ̀ ọ́n.

Ìròyìn tí Ìńsípẹ́kítọ̀ kọ dára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbé tíṣà kúrò lọ́dọ̀ wa kí ọdún tuntun tó wọlé, kí ó lè lọ máa fi bí a ṣe ń pín ọmọ sí ẹgbẹ́ han àwọn olùkọ́ mìíràn. Ní ọjọ́ tó ń lọ, ó pe ọ̀rẹ́ mi àti èmi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń di páálí rẹ̀ sínú àpótí. Ó wo ọ̀rẹ́ mi, ó ní, "Ìwọ ni mo kọ́ jù ní kíláàsì yìí." Ó tún ní, "Rárá. Ìwọ lo kọ́ mi." Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ẹ ṣé, sà," bí ẹni tí kò rí nǹkan tuntun nínú rẹ̀. Tíṣà wá kọjú sí mi. Mo rò pé yóò sọ nǹkan nípa ọjọ́ tó fi mí kúnlẹ̀. Ó na ìwé kan sí mi, ìwé ìkọ̀wé tuntun. Mo gbà á. Mo dúpẹ́.

Ọ̀gá àgbà gba kíláàsì wa fúnra rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò sí igi mọ́. Ó tò wá bí a ṣe ga sí, ó sì mú pàṣán rẹ̀ padà wá, kí gbogbo wa lè rìn ní ìrìn kan. Ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀.

Nígbà tí a dé púráímárì kẹfà, ọ̀rẹ́ mi àti èmi wọ lọ́rí lọ sí Okìtìpupa láti ṣe ìdánwò wíwọ gírámà. Orúkọ tirẹ̀ jáde. Tèmi kò jáde títí di ọdún kejì. Ìyá rẹ̀ jó láti ẹkù dé ilé. Bàbá mi wá kí wọn, wọ́n jókòó pẹ́, wọ́n sì sọ fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ pé àwọn ti mọ̀ láti ìgbà tí tíṣà ará Ọ̀yọ́ ti wà pé ọmọ náà yóò lọ jìnnà, pé tíṣà yẹn lójú inú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, èmi ni mo ru àpótí rẹ̀ dé ojú títì. Ó wúwo, gàárì ló kún ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbàdúrà fún lọ́rí náà láti táyà iwájú dé táyà ẹ̀yìn, awakọ̀ sì ń fọn fèrè. Ọ̀rẹ́ mi juwọ́ sí mi láti òkè. Mo juwọ́ padà títí n kò fi rí i mọ́, mo sì yà sọ́nà odò, nítorí pé ìyá mi ti ń retí omi.